Ohun tí Ìyá Àgbà Gbà Sọ́rùn ní Iware

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ìyá mi àgbà jẹ́, ẹ má bi àwọn ará Iware. Irọ́ ni wọn yóò pa fún yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí èmi ni mo fi sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti kọ nípa rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i, tí mo sì fa ìwé náà ya, torí pé obìnrin tí mo ń kọ kò jọ ẹni tí mo mọ̀. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n bí i. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró. Ẹ̀kọ ló ń tà ní Ìlora. Kí àwọn ẹlòmíì tó yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, ó ti sẹ́ ògì tán. Kí oòrùn tó yọ, ó ti ro ẹ̀kọ, ó ti pọ́n ọn sínú ewé, ó ti gbé igbá lérí. Bí ó bá dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sábẹ́ igi ọsàn láti gba atẹ́gùn, òun á máa gbálẹ̀ tí ẹnìkan ti gbá. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò jáde kí ìwàásù tó parí. Pásítọ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń lé e kiri. Ó ní, "Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mò ń gbọ́ láti ìta."

Ó lè jà. Ẹ má jẹ́ kí n fi ikú sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Òun àti obìnrin tó ń tà á léwé ti na ìka síra wọn lójú débi pé àwọn ọkùnrin ní láti dìde, nítorí ewé tí wọ́n fi omi wọ́n kí ó lè wúwo. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ náà, ó ní kí n gbé ẹ̀kọ mẹ́rin lọ fún obìnrin kan náà, pé kò tíì jẹun láti òwúrọ̀. Mo ní ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n. Ó ní, "Òun ni mo bá jà. N ò bá ikùn rẹ̀ jà."

Irọ́ nìkan ni kì í fojú kékeré wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló nà mí rí, mo sì mọ ohun tó fà á dáadáa. Mo jẹ orí ẹja tó fi pamọ́, mo wá ní ológbò ló gbé e. Ó na ológbò náà, ó lé e jáde. Nígbà tó rí egungun ẹja lábẹ́ ẹní mi, ó mú pàṣán, ó sì lù mí gan-an. Lẹ́yìn náà ló wá fi òróró pa mí lẹ́yìn. Ó ní, "Ti pé o jẹ ẹja, kò burú. Ológbò tí o parọ́ mọ́ ni kò lẹ́nu tó lè fi jà fún ara rẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Fìdítì ni bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, àwa ọmọ sì pọ̀. Nígbà tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé mi fún ìyá ìyá mi ní Ìlora, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, kí n lè máa jíṣẹ́ fún un. Èmi tí wọ́n ní kí n ràn án lọ́wọ́ ni mo wá di iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Mo ń tọ̀ sílé. Mo tọ̀ ọ́ ní ọmọ ọdún márùn-ún, mo tọ̀ ọ́ ní mẹ́fà, mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, n kò ṣíwọ́. Ojú ń tì mí títí di bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Gbogbo àdúgbò ló ní oògùn tiwọn. Èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ láàyè mọ́ mi nídìí, pé bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti ń ta, ẹ̀rù á máa bà mí, mi ò ní lè tọ̀ mọ́. Ìyá kan tilẹ̀ mú ọ̀pọ̀lọ́ náà wá nínú ìkòkò. Ìyá Àgbà ṣí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀, ó rí omi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ṣe sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé dókítà yín lọ. Kí òun náà kọ́kọ́ ṣíwọ́ ìtọ̀ ná."

Ọ̀nà tirẹ̀ rọrùn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, n kò gbọdọ̀ mu omi ju ẹnu kan lọ. Kí n tó sùn, mo gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, òun á sì dúró tì mí, á máa pa ẹsẹ̀ dà. Nígbà tó bá dìde láti lọ sídìí ògì, á fọwọ́ kàn mí. Bí mo bá ti ṣe é kí ó tó dé, á ká ẹní lọ sí ìta láìsọ̀rọ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, á ní, "Oorun rẹ ló wúwo. Kì í ṣe ìwà rẹ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, títí àǹtí mi Dúpẹ́, àbúrò ìyá mi tí kò bá wa gbé ní Ìlora rí, fi bí àkọ́bí rẹ̀ ní Iware. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí a gba òmìnira. Ẹ mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló ń lọ wẹ ọmọ tuntun, tí yóò sì gbé ibẹ̀ di ogójì ọjọ́. Ta ni yóò fi mí sílẹ̀ fún? Bàbá mi ní Fìdítì gbà pé ọmọ tó ń tọ̀ sílé, ọ̀lẹ ni, ẹgba ló sì ń lò fún ọ̀lẹ. Ìyá Àgbà ronú sí i, ó rìn yí ilé ká, ó tún rìn yí i ká, ó wá di ẹrù mi mọ́ tirẹ̀. Nínú mọ́tò ni mo bi í ohun tí a máa ṣe ní ilé onílé. Ó fa etí mi mọ́ra. Ó ní, "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹní, èmi àti ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Jímọ̀ ni ọkọ àǹtí mi. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Jímọ̀, ló ni àṣẹ agbo ilé náà láti ìdí ààrò dé ìdí kànga. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n lawọ́, wọ́n sì mọ́ tónítóní. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní yàrá tó kángun sí ti Àǹtí Dúpẹ́, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun méjì sí i. Mo wo àwọn ẹní náà, inú mi bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan nínú agbo ilé náà, tó lè fi bí ọdún kan jù mí lọ, tọ̀ sílé. Wọ́n gbé ẹní náà lé e lórí ní òwúrọ̀, ó ṣì ń ro tó, tó. Àwọn ọmọdé mú agolo àti igi, wọ́n tẹ̀lé e yí ilé ká, wọ́n ń kígbe pé, "Atọ̀lé, gbẹ́ní ẹ jáde!" Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó kà á sí ìkà, bí wọ́n ti ṣe é fún àwọn náà nìyẹn. Mo di ìró Ìyá Àgbà mú. Kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí mi, èmi náà kígbe, ohùn mi sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Àgbà mú ìró rẹ̀ kan tó ti gbó, ó ya á sí wẹ́wẹ́, ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àkísà tí wọ́n fi ń di ìdí ọmọ tuntun. Ó ń tẹ́ wọn lé ara wọn sábẹ́ mi. Tó bá di òwúrọ̀, á kó wọn pọ̀ mọ́ ti ọmọ, á fọ̀ wọ́n nínú abọ́ kan náà, á sá wọn sórí okùn kan náà. Òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń fọ àkísà, ta ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò? Fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, mo rìn nínú ilé yẹn bí ọmọ ọba. Mo fẹ́ràn Múfù, bí wọ́n ti sọ ọmọ náà, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé ó ń bá mi ru ẹrù mi, kò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Ìyá Jímọ̀ kì í rí. Ó kọ́kọ́ dúró níwájú okùn aṣọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọmọ kékeré báyìí ṣe wá ń tọ̀ tó èyí? Ìyá Àgbà ní ọmọ tó bá ń mu dáadáa, á tọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, kí Ìyá Àgbà tó dé ìdí abọ́, Ìyá Jímọ̀ ti mú àkísà kan tí a kò tíì fọ̀, ó gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìtọ̀ ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kì í rùn báyìí láé." Ó wá gbójú sókè, ó wo àyà Àǹtí Dúpẹ́.

Ẹni tó bá dàgbà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ á ti mọ ohun tó kàn. Ọmú ti bàjẹ́ nìyẹn, ọmọ sì ń mu májèlé. Wọ́n ní kí àǹtí mi fún ọmú díẹ̀ sínú igbá, wọ́n mú èèrà kan, wọ́n jù ú sí i. Bí èèrà bá rá jáde, ọmú dára. Bí ó bá kú, kò dára. Gbogbo wa ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ igbá náà. Èèrà náà lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó sì kú.

"Àna mi," ni Ìyá Àgbà wí, "ẹ ju èmi náà sínú kànga yín. Bí n kò bá jáde, ṣé kànga ló bàjẹ́ ni?"

Àwọn ìyàwó ilé kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Jímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, àna mi. Bí a ti ń ṣe é nílé yìí nìyí. Ọmọ wa ni."

Wọ́n gba Múfù lẹ́nu ọmú. Omi ẹ̀kọ àti àgbo ni wọ́n ń rọ ọ́. Ọmọ náà ń tu ú jáde, ó ń sunkún, ó ń yí orí kiri bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ọmú Àǹtí Dúpẹ́ wú, ó le bí òkúta, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìyàwó tuntun ni, ó jẹ́ ọmọ ìgbàgbọ́ láàárín wọn, ta ló fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀? Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ níbi ààrò pé bí ọmú àkọ́kọ́ bá ti rí báyìí, kí Jímọ̀ tètè wá ìyàwó mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, ẹkún Múfù ti rẹlẹ̀. Ìyá Àgbà ń lọ, ó ń bọ̀, láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa dé ẹ̀yìnkùlé. Kò wò mí. Mo fẹ́ kí ó wò mí, mo tún ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ ẹni tó ń pa ọmọ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó lọ bá Ìyá Jímọ̀ níbi tó jókòó sí láàárín àwọn ìyàwó ilé, ó kúnlẹ̀.

"Àna mi, ẹ dá ọmọ padà sí ọmú. Kò sí ohun tó ṣe ọmú Dúpẹ́. Àjọkẹ́ ọmọ mi yìí ló ń tọ̀ sílé. Èmi ni mo ń kó àkísà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọmọ kí ẹ má baà rí i. Èmi ni mo tàn yín jẹ."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ìyá Jímọ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Àjọkẹ́, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ìwọ lò ń tọ̀?"

Àwọn ọmọdé ti pé sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó gbé ẹní lérí ní ọjọ́ kẹta yẹn, ti mú agolo dání. Mo gbọ́ ẹkún Múfù láti inú yàrá. Mo gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má tàn mí pé mi ò gbọ́.

Mo ní, "Èmi kọ́, mà. Èmi kì í tọ̀."

Ìyá Jímọ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́, àna mi. Ẹ má tìtorí pé ẹ fẹ́ bo ọmú ọmọ yín láṣìírí, kí ẹ wá ba ọmọ kékeré lórúkọ jẹ́."

Ìyá Àgbà wò mí nígbà náà. Ó lè fà mí wọ yàrá, kí ó fi ẹní hàn wọ́n. Ó lè ní kí wọ́n dúró di òwúrọ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí, ó sì wù mí kí ó gbá mi. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò mira. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àna rẹ̀.

"Ẹ fi ọmọdé sílẹ̀. Ojú ló ń tì mí tí mo fi dárúkọ rẹ̀. Èmi ni. Ara ti ń di ara àgbà. Bí mo bá sùn, omi á bọ́. Èmi ni mo ń tọ̀ sórí ẹní yín."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí àna jẹ́, ẹ mọ ohun tó sọ. Ẹlòmíì kì í mu omi yó ní ilé àna rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, agolo ọwọ́ ọmọ yẹn kò dún. Wọ́n gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ìyá ìyàwó tí yóò parọ́ irú rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ìyá Jímọ̀ dìde láìwo ojú rẹ̀, ó wọ yàrá, ó gbé Múfù, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ọmú ìyá rẹ̀. Ọmọ náà mu títí oorun fi gbé e lọ, kò tilẹ̀ tu ọmú sílẹ̀.

Mo rò pé a ó lọ ilé lọ́jọ́ kejì. Ìyá Àgbà kò lọ. Ó pé ogójì ọjọ́ níbẹ̀, ó wẹ ọmọ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Láràárọ̀ ló ń sá àkísà tèmi sórí okùn mìíràn, ní gbangba, bí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọdé ti fún un ní orúkọ, Ìyá Atọ̀lé, wọ́n sì ń pè é bó bá ti kẹ́yìn sí wọn. Ó ń gbọ́ ọ. Èmi náà ń gbọ́ ọ, mo sì ń bá wọn ṣeré.

Nígbà tí mọ́tò tó ń gbé wa lọ sílé dúró kó èrò ní Jobele, mo bi í bóyá ó ń bínú sí mi. Ó ń bó ọsàn fún mi. Ó bó o tán kí ó tó dáhùn.

"Mo ní èmi àti ìwọ nìkan ló máa mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́. Ìwọ náà ní ìwọ kọ́. Ọ̀mì la ta."

Kì í ṣe ọ̀mì. N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọsàn náà kò dùn lẹ́nu mi.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí mo ṣíwọ́, láìlo oògùn, láìsí ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn oṣù kan gbáko tí ẹní ti ń gbẹ, ó kàn fọwọ́ tẹ ẹní náà wò, ó ní, "Oorun rẹ ti dàgbà," ó sì lọ sídìí ògì rẹ̀. Kò sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Iware fún ìyá mi. Kò sọ ọ́ fún Àǹtí Dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni àǹtí mi bímọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Àgbà lọ wẹ ọmọ. Á bi mí pé, "Ṣé o ó bá mi lọ?" Mo máa ń ní ìdánwò tí mo fẹ́ ṣe. Bó bá padà dé, n kì í bi í bí wọ́n ti gbà á. Mo mọ ìdí tí n kò fi ń bi í.

Ó kú nígbà ọyẹ́, ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn tí a ti Iware dé. Ó ń gbálẹ̀ ni. Mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo gbọ́n lójú ara mi. Òkú àgbà ni, kò sí ẹkún púpọ̀. Àwọn ará Iware wá, odindi mọ́tò kan. Ìyá Jímọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n gbé àga fún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn òkú, bí wọ́n ti ń ṣe. Múfù, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Òun ló béèrè, ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń dé. "Ṣé òótọ́ ni pé ìyá yìí ń tọ̀ sílé?"

Ẹ̀rín sọ. Àǹtí Dúpẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Jímọ̀ gbá Múfù lórí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ó ní, "Dákẹ́. Ìtọ̀ rẹ̀ ló gbà ọ́ là." Ẹ̀rín tún sọ.

N kò pinnu láti dìde. Mo kàn rí i pé mo ti dìde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn mi ni wọ́n jókòó sí. Mo ní, "Kò tọ̀ sílé rí. Èmi ni. Ẹ bi mí nígbà náà, mo ní èmi kọ́, ó wá gbà á sọ́rùn."

Ìyá Jímọ̀ ló wò mí pẹ́. Mo rò pé yóò bú mi, ó sì tọ́ sí mi. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún wá wẹ ọmọ fún wa," ni ó wí. "Ẹní tó ti já ni mo ní kí wọ́n tẹ́ fún un, níta, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó má baà ba yàrá jẹ́. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó gbójú sókè sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni kí n wá lọ bẹ̀ báyìí?"